Àmì Ìdí Abọ́

Abọ́ kan wà lára ògiri ìyá àgbà mi ní Ìsánlú,
ó funfun bí eyín àkọ́hù,
àwòrán aláró lójú rẹ̀:
ẹyẹ méjì lókè, igi tó sorí kodò,
ènìyàn mẹ́ta lórí afárá.
Ìyé Ẹbúnlọmọ ní afárá odò Oyi ni.
Ó tilẹ̀ dá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ̀:
ẹni iwájú, tíṣà; ẹni àárín, agbowó-orí;
ẹni ẹ̀yìn, ọkọ òun, tí kì í yára.

Bí abọ́ náà ṣe dé ọwọ́ rẹ̀ rèé.
Òyìnbó obìnrin kan tó ń tọ́jú aláìsàn ní Ẹ̀gbẹ̀
fẹ́ràn orù tí Ìyé mọ,
orù tó ń mú omi tutù
nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí páànù ń ké lórí ilé.
Nígbà tó ń relé, ó gbé orù lọ, ó fi abọ́ sílẹ̀.
Kò sówó nínú rẹ̀.
Amọ̀ ló ra amọ̀.

Mo dàgbà, mo di tíṣà kẹ́mísírì,
mo ka ìtàn àwọn tó kọ́kọ́ mọ irú rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.
Èéfín ti kun ìlú wọn dúdú,
ààrò wọn ga, ó rí bí ìgò.
Wọ́n rí abọ́ Ṣáínà, ojú wọn kò kúrò níbẹ̀ mọ́.
Wọ́n ń sun ún, ó ń fọ́,
wọ́n ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n tún ń sun ún.
Wọ́n ní ọ̀kan nínú wọn, ṣọ̀pọ̀nná ti ba orúnkún rẹ̀ jẹ́ ní kékeré;
ẹsẹ̀ kò lè yí àgbá amọ̀ mọ́,
ló bá jókòó ti ìwé àti òṣùwọ̀n.
Wọ́n lọ akọ òkúta kúnná bí èlùbọ́
kí abọ́ lè funfun,
àwọn tó ń lọ̀ ọ́ sì ń wúkọ́ títí wọ́n fi wọlẹ̀.
Nígbà tó yá, wọ́n sun egungun màlúù,
wọ́n po eérú rẹ̀ mọ́ amọ̀,
ìmọ́lẹ̀ wá ń gba ara abọ́ kọjá.

Mo sọ ọ́ fún Ìyé
níbi tó ti ń yí ṣùkù àgbàdo lára ìkòkò tútù.
“Egungun kẹ̀?”
Ó dìde, ó já abọ́ lórí ìṣó, ó gbóòórùn rẹ̀.
“Abájọ tí n kò fi lè jẹun nínú rẹ̀.”
Ó gbé e sójú oòrùn:
mo rí òjìji ìka rẹ̀ láti òdìkejì,
ìka mẹ́rin, amọ̀ ṣì wà léèékánná.
Ó yí i padà.
“Kí ni wọ́n kọ síbí?”
Mo ní orúkọ ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ ni.
“Ẹni tó mọ ọ́n ńkọ́?”
Mo dákẹ́.
“Ẹni tó gún egungun? Ẹni tó ya ẹyẹ?”
Èmi tíṣà. Ìwé tí mo kà kò dárúkọ wọn.
Ó fi abọ́ kọ́ padà, ó wọ́ díẹ̀,
ó padà sídìí ìkòkò rẹ̀,
ó sì ti àtàǹpàkò bọ ọrùn rẹ̀ nínú,
níbi tí ojú kì í dé,
bó ti máa ń ṣe sí gbogbo wọn.

Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tó ti lọ.
Mo máa ń ro orù yẹn,
bóyá agbòjò ni wọ́n ń tì bọ̀ ọ́ lọ́hùn-ún,
bóyá ọmọ kan ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́
tí ìka rẹ̀ bọ́ sínú kòtò kékeré kan.

Abọ́ ti di tèmi. Ewúrẹ́ ti ká a léyín kan.
Lánàá mo wá ọ̀dà,
mo kọ Ẹbúnlọmọ sí ìdí rẹ̀, lábẹ́ àmì aláró yẹn.
Òun kọ́ ló mọ ọ́n, mo mọ̀.
Òun ló béèrè.